Windows 10 ti kúrò lábẹ́ ìtọ́jú: kí ni ká ṣe sí kọ̀ǹpútà ilé àti ti ilé-kéú wa?



Láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni ilé-iṣẹ́ Microsoft ti Amẹ́ríkà ti ṣíwọ́ ìtọ́jú Windows 10. Ọ̀pọ̀ òbí ní Fìdítì, Ìlọrà, Àwẹ́ àti Akínmọ̀ọ́rìn tó ní kọ̀ǹpútà nílé ni kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà, torí kọ̀ǹpútà wọn kò kú. Ó ṣì ń tàn, ó ṣì ń tẹ̀wé, ó ṣì ń gbé ohùn àwọn olùkéwú jáde. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà ti tàn kálẹ̀ ni ìbéèrè ti ń tẹ̀lé wa lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ àti níbi àsàlátù. Òbí kan á ní, "Àfáà, wọ́n ní kọ̀ǹpútà àwọn ọmọ mi ti di aláìwúlò, ká lọ ra òmíràn. Ṣé òótọ́ ni?" Àwọn ọ̀dọ́ ní tiwọn ń sọ pé ká má ra nǹkan kan, ká yọ Windows kúrò, ká fi Linux rọ́pò rẹ̀, torí ọ̀fẹ́ ni. Àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lẹ́bàá títì ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn lè fi Windows 11 sí i ní wákàtí kan, kí a má dààmú.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àpò wa, ó kan ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wa, ó sì kan ẹ̀sìn wa. Ìdí nìyí tí a fi gbé e yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yìí.

Kí ló dé bá Windows 10?

Kí ọ̀rọ̀ lè yé ọmọdé àti àgbà, ètò ìpìlẹ̀ ni Windows jẹ́. Òun ni kọ̀ǹpútà fi ń jí, òun ló ń darí ojú rẹ̀, bọ́tìnnì rẹ̀ àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí a so mọ́ ọn. Bí kò bá sí irú ètò bẹ́ẹ̀ nínú rẹ̀, kọ̀ǹpútà dà bíi wàláà tí a kò tíì kọ nǹkan kan sí: ó wà lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí a lè kà níbẹ̀.

Oṣù keje ọdún 2015 ni Windows 10 jáde. Fún ọdún mẹ́wàá, Microsoft ń fi àtúnṣe ránṣẹ́ lóṣooṣù láti fi dí ihò tí àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì bá rí. Àtúnṣe ọ̀fẹ́ yẹn ló dópin. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ ẹ lè forúkọ sílẹ̀ fún ọdún kan sí i, títí di ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá ọdún 2026. Yóò san dọ́là 30, tàbí kó fi àkáǹtì Microsoft wọlé kó sì gbà kí ìtòlẹ́sẹẹsẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀ máa wà ní ìpamọ́ lọ́dọ̀ wọn, kí wọ́n má gba owó. Bí a bá ṣírò dọ́là kan sí 1,500 náírà, dọ́là 30 jẹ́ 45,000 náírà. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní ọdún 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Ẹ wo iye tó kù fún gààrí, owó ọkọ̀ àti owó iléèwé.

Windows 11 ni Microsoft fẹ́ kí gbogbo ènìyàn bọ́ sí. Oṣù kẹwàá ọdún 2021 ló jáde. Ẹni tó ń lo Windows 10 tó ní láìsẹ́ǹsì kò san kọ́bọ̀ kó tó bọ́ sí i, bí kọ̀ǹpútà rẹ̀ bá tó o. Níbẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Windows 11 ń béèrè fún ẹ̀yà kékeré kan tó ń pa kọ́kọ́rọ́ àṣírí mọ́ nínú kọ̀ǹpútà, tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0. Bí ọpọlọ ẹ̀rọ bá sì jẹ́ ti Intel, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ìran kẹjọ tàbí èyí tó tún wá lẹ́yìn rẹ̀. Ọdún 2017 ni ìran kẹjọ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.

Ṣùgbọ́n irú kọ̀ǹpútà wo ló wà nílé wa? Tòkunbọ̀ ni púpọ̀ nínú wọn, tí a rà ní Queen Cinema ní Ìbàdàn tàbí ní Computer Village ní Ìkẹjà. Àwọn ni HP EliteBook 840 G3, Dell Latitude E7470, Lenovo ThinkPad T460 àti àwọn ẹgbẹ́ wọn, tí ilé-iṣẹ́ òkè òkun lò tán kí wọ́n tó kó wọn wá. Ìran kẹfà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí. Ẹ lè yẹ tiyín wò: ẹ wo orúkọ ọpọlọ rẹ̀ níbi tí ẹ̀rọ ti ń júwe ara rẹ̀. Bí ẹ bá rí i5-6300U, nọ́ńbà 6 tó tẹ̀lé àmì fífà yẹn ló ń sọ pé ìran kẹfà ni. Bó bá jẹ́ i5-8350U, ìran kẹjọ nìyẹn, ó sì lè gba Windows 11. Ẹ yẹ èyí wò kí ẹ tó gba ìmọ̀ràn ẹnikẹ́ni, títí kan tiwa.

Ti àwọn tó ń sọ pé àwọn lè fi Windows 11 sórí ẹ̀rọ ìran kẹfà ńkọ́? Òótọ́ ni pé ọ̀nà ẹ̀yìn wà. Ṣùgbọ́n Microsoft fúnra rẹ̀ ti kìlọ̀ pé òun kò ṣèlérí àtúnṣe fún irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀. Torí àtúnṣe ni a ṣe ń sá fún Windows 10. Bí ibi tí a ń sá lọ náà kò bá ṣèlérí rẹ̀, kí la wá ṣe?

Ẹnìkan lè ní, "Kí ló kù tí olè yóò wá jí lórí kọ̀ǹpútà ilé-kéú?" Ẹ jẹ́ ká rántí oṣù karùn-ún ọdún 2017. Àrùn kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní WannaCry tàn dé orílẹ̀-èdè tó lé ní 150. Ó ti àwọn fáìlì pa, ó sì ń béèrè owó kó tó ṣí wọn. Àwọn ilé-ìwòsàn ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sún ìtọ́jú ọ̀pọ̀ aláìsàn síwájú nítorí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, oṣù méjì kí àrùn náà tó dé ni Microsoft ti fi àtúnṣe rẹ̀ síta. Àwọn tí kò tíì gbà á ló kàn jù.

Nítòsí wa níhìn-ín, ẹ rántí ìdánwò JAMB ọdún 2025. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ Windows 10, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àtúnṣe tí a kò ṣe ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Oloyede tó jẹ́ ọ̀gá àgbà JAMB jáde síta, ó fi omijé tọrọ àforíjì. Àtúnṣe kan tó yẹ kó wà lórí gbogbo kọ̀ǹpútà ńlá tó ń ṣiṣẹ́ ìdánwò náà ni wọn kò fi sórí àwọn kan. Akẹ́kọ̀ọ́ 379,997, ní Èkó àti ní àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù ìlà-oòrùn, ni wọ́n ní kó tún ìdánwò ṣe. Àtúnṣe kan ṣoṣo ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí a kì í fẹ́ sọ

Ẹ jẹ́ ká wá sọ èyí tó wà lọ́kàn wa jù. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ bá láìsẹ́ǹsì Windows tirẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é. Ìyẹn kò lẹ́bi. Ṣùgbọ́n púpọ̀ ni kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a bá gbé kọ̀ǹpútà lọ fún àtúnṣe, Windows tí wọ́n fi crack ṣí ni wọ́n máa ń fi sí i, pẹ̀lú Word àti Excel tí wọ́n fi crack ṣí, àti CorelDRAW tí wọ́n fi crack ṣí. A ó san owó iṣẹ́ fún ẹni tó fi sí i, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe é kò rí kọ́bọ̀. Orí kọ̀ǹpútà kan náà ni a ti ń tẹ ìdánwò kéú, tí a ti ń kọ kútúbà Jímọ̀, tí a ti ń ṣe ìwé ẹ̀rí fún ọmọ tó parí Al-Kùránì.

Kò sí Mùsùlùmí kan ní Fìdítì tí yóò wọ oko ọsàn ọlọ́sàn, kó ká àpò méjì, kó wá ní kò burú torí pé olóko lówó. Àwọn kan yóò ní ọsàn tí a ká dín nínú oko, ṣùgbọ́n ètò kọ̀ǹpútà tí a dà kọ kò dín lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ọ̀rọ̀ náà ní làákàyè nínú. Àwọn onímọ̀ kan ti jiyàn lórí rẹ̀ látẹ̀yìnwá bóyá irú ohun báyìí jẹ́ dúkìá lójú Sharia. Ṣùgbọ́n ní oṣù kejìlá ọdún 1988, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ fíkíhì àgbáyé tó wà lábẹ́ àjọ OIC ṣe ìpàdé ní Kuwait. Wọ́n ṣe ìpinnu pé ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé àti ti ẹni tó hùmọ̀ nǹkan jẹ́ dúkìá tí Sharia ń dáàbò bò, àti pé kò tọ́ kí a fi ọwọ́ pa á lára. Òfin Nàìjíríà náà ka ètò kọ̀ǹpútà mọ́ iṣẹ́ tí òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ọdún 2022 ń ṣọ́.

Àwáwí tí a ti ń gbé ara lé ni pé kò sí bí a ṣe lè ṣe é. Láìsẹ́ǹsì Windows 11 ti inú ilé jẹ́ dọ́là 139 ní Amẹ́ríkà. Ìyẹn lé ní 200,000 náírà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó oṣù mẹ́ta fún ẹni tó ń gba owó oṣù tó kéré jù. Àwọn àlùfáà kan ti fi ìdí yìí rọ ọ̀rọ̀ náà fún àwọn ènìyàn wọn, wọ́n ní ìnira ló fà á. A kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tó ti ka fíkíhì mọ̀ pé ohun tí a gbà láàyè nítorí ìnira, nígbà tí ìnira bá kúrò, ìgbàláàyè rẹ̀ kúrò pẹ̀lú. Ẹni tí omi wà níwájú rẹ̀, tí ara rẹ̀ sì yá láti lò ó, kò ní táyámọ́mù mọ́.

Ìbéèrè tó wà níwájú wa nìyẹn: ṣé omi wà?

Kànga tí ẹnikẹ́ni kò lè gbà fún ara rẹ̀

Ní ọdún 1983, ará Amẹ́ríkà kan, Richard Stallman, kéde pé òun yóò kọ ètò kọ̀ǹpútà tí gbogbo ènìyàn yóò ní òmìnira láti lò, láti wo inú rẹ̀ àti láti tún un ṣe. Ní ọdún 1989, ó ṣe ìwé àdéhùn kan tí wọ́n ń pè ní GPL. Ní ọdún 1991, ọmọ yunifásítì kan ní Finland tó jẹ́ ọmọ ọdún 21, Linus Torvalds, kọ ọkàn ètò náà, òun ni wọ́n ń pè ní Linux. Ó fi í sábẹ́ àdéhùn GPL yìí láìpẹ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Ohun tí àdéhùn náà sọ ni pé ẹnikẹ́ni lè lo ètò yìí, kó dà á kọ fún ẹlòmíràn, kó tún un ṣe, kódà kó tà á. Ṣùgbọ́n bó bá tún un ṣe tó sì pín in fún àwọn ènìyàn, kò gbọdọ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Òmìnira tí òun gbà ni kó fún àwọn náà. Ẹni tó mọ ìtàn Sàhábà Uthmān bin ‘Affān, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i, yóò rántí kànga Rūmah ní Mẹ̀dínà. Ẹnìkan ló ni kànga náà, ó ń ta omi rẹ̀. Uthmān rà á, ó sì yọ̀ǹda rẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, òun náà sì ń fa omi bí ẹni gbogbo ṣe ń fà á. A kò sọ pé GPL jẹ́ wákàfù lójú Sharia, torí wákàfù ní májẹ̀mú tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ìrísí wọn jọra, kò sì yẹ kó ṣàjèjì sí wa.

Ẹ má rò pé iṣẹ́ aláìríṣẹ́-ṣe ni. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá bíi Intel, Google àti Red Hat ń sanwó oṣù fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí Linux, torí àwọn náà ń lò ó. Láti ìparí ọdún 2017 ni gbogbo kọ̀ǹpútà 500 tó lágbára jù láyé ti ń lò ó. Fóònù Android tó wà nínú àpò yín, Linux ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ní òun kò lè lo Linux ti ń lò ó láti ọjọ́ tó ti ra Tecno tàbí Itel.

Oríṣiríṣi ni Linux tí a ń fi sórí kọ̀ǹpútà. Ọmọ South Africa kan, Mark Shuttleworth, ló dá Ubuntu sílẹ̀ ní ọdún 2004. Èdè àwọn ará gúúsù Áfíríkà ni orúkọ náà, ìtumọ̀ rẹ̀ sì súnmọ́ ohun tí Yorùbá ń pè ní ìwà ọmọlúàbí. Linux Mint tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2006 dúró lórí Ubuntu, ojú rẹ̀ sì jọ Windows débi pé ọmọ tó bá ti lo Windows yóò mọ ibi tí yóò tẹ̀. Rámù 4GB tó fún un. Èyí tó jáde ní ọdún 2024, Mint 22, wà lábẹ́ ìtọ́jú títí di ọdún 2029. Èyí já sí pé EliteBook ìran kẹfà tí Windows 11 kọ̀ ṣì ní ọdún díẹ̀ láti fi ṣiṣẹ́ ní àlàáfíà.

Nǹkan mẹ́ta míì wà tó wù wá nínú rẹ̀. Àkọ́kọ́, nǹkan bíi 3GB dátà ni a ó fi gbé Mint wálẹ̀. Bí owó dátà ṣe gun òkè láti ìgbà tí NCC ti fọwọ́ sí àfikún ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, owó kékeré kọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹnìkan ṣoṣo ni yóò gbé e wálẹ̀. Yóò fi fláàṣì kan gbé e dé Ìlọrà, Àwẹ́ àti Akínmọ̀ọ́rìn, sórí ogún kọ̀ǹpútà, láìsí pé ó jalè. Èkejì, a lè dán an wò láti orí fláàṣì 8GB láìfọwọ́ kan Windows tó wà níbẹ̀. Bí kò bá wù wá, a ó yọ fláàṣì, a ó sì tún kọ̀ǹpútà tàn bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹ̀kẹta, bọ́tìnnì Lárúbáwá wà nínú rẹ̀, ti Yorùbá pẹ̀lú àmì ohùn náà wà níbẹ̀. LibreOffice tó ń bá a wá ń kọ ìwé láti ọ̀tún sí òsì dáadáa. Amiri, tí ọmọ Íjíbítì kan, Khaled Hosny, ṣe ní àwòṣe lẹ́tà ilé ìtẹ̀wé Būlāq ti Káírò, jẹ́ ọ̀fẹ́ pẹ̀lú. Ẹni tó ti tẹ ìwé ìdánwò kéú pẹ̀lú lẹ́tà tó ń já sí wẹ́wẹ́ yóò mọ ohun tí èyí tó.

Ibi tí bàtà ti ń ta ẹsẹ̀

Bí a bá dúró síbí yìí, a ti tan yín jẹ. Linux ní ibi tó ti le.

Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, tó ń ṣe ìwé ìpè ìyàwó, kàlẹ́ńdà àti bánà wòlímọ́, CorelDRAW ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. CorelDRAW kì í ṣiṣẹ́ lórí Linux. Inkscape wà, ọ̀fẹ́ ni, ó sì dára, ṣùgbọ́n ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ Corel fún ọdún mẹ́wàá kò ní mọ Inkscape ní ọjọ́ mẹ́ta, àwọn oníbàárà rẹ̀ kò sì ní dúró dè é. Ọ̀pọ̀ ètò tí àwọn ọmọ fi ń gbáradì fún JAMB, orí Windows ni wọ́n kọ ọ́ fún. Láti ọdún 2015 ni JAMB ti kúrò lórí bébà pátápátá, ìjọba àpapọ̀ sì ti kéde pé WAEC àti NECO náà ń bọ̀ wá sórí kọ̀ǹpútà. Òbí tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ ṣe ìdánwò kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Díẹ̀ nínú àwọn ètò náà wà lórí Android tàbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìyẹn yóò ṣiṣẹ́. Èyí tí kò sí níbẹ̀, kò ní ṣiṣẹ́.

Àwọn òbí tún máa ń sọ pé bí ọmọ bá wáṣẹ́, Microsoft Word ni wọn yóò bi í. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ bí a ti ń to ìwé, bí a ti ń ṣe tábìlì àti bí a ti ń ṣírò lórí LibreOffice, ọ̀sẹ̀ kan tó fún un láti mọ Word. Word orí íntánẹ́ẹ̀tì sì wà tí Microsoft kì í gba owó rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ mọ méjèèjì.

Ohun tó ń ba iyípadà yìí jẹ́ jù kì í tilẹ̀ ṣe ètò. Ẹ wo ìlú Munich ní Jámánì. Ní ọdún 2003, ìgbìmọ̀ ìlú náà pinnu láti kúrò lórí Windows lọ sí Linux. Ó gbà wọ́n ní ọ̀pọ̀ ọdún, nǹkan bíi kọ̀ǹpútà 15,000 ni wọ́n yí padà. Ní ọdún 2017, wọ́n dìbò pé àwọn yóò padà sí Windows. Àwọn òṣìṣẹ́ ń ráhùn pé ìwé tí ọ́fíìsì míì bá fi ránṣẹ́ kì í ṣí dáadáa, òṣèlú wọ̀ ọ́, kò sì sí ohùn kan lórí ẹni tó ni iṣẹ́ náà. Síbẹ̀, ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ìpínlẹ̀ Schleswig-Holstein ní Jámánì kan náà kéde pé òun yóò gbé kọ̀ǹpútà 30,000 kúrò lórí Windows. Kì í ṣe pé wọn kò gbọ́ nípa Munich. Ìwé ni wọ́n kọ́kọ́ mú, wọ́n fi LibreOffice rọ́pò Word lórí Windows tí wọ́n ń lò, kí ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ kọ́kọ́ mọ́ ọn kí wọ́n tó kan ètò ìpìlẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún Afijió nìyí. Ìlú olówó ní ìlú Òyìnbó kò lè yí padà nígbà tí kò sí ẹni tó di ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ mú. Ilé-kéú tí kò ní iná ní ọjọ́ mẹ́ta nínú ọ̀sẹ̀ kò ní ṣe é ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọ̀dọ́ onítara kan bá fi Linux sórí gbogbo kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ Sátidé, tó sì padà sí yunifásítì lọ́jọ́ Mọ́ńdè, nígbà tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bá kọ̀ láti tẹ ìwé ìdánwò, wọn yóò pe ẹni tó wà lẹ́bàá títì. Ìyẹn yóò sì dá crack padà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ìmọ̀ràn wa

Èrò wa ni pé kí a má ṣe ìpinnu kan ṣoṣo fún gbogbo kọ̀ǹpútà. Ẹ bi ìkọ̀ọ̀kan léèrè pé: iṣẹ́ wo ni ó ń ṣe?

Kọ̀ǹpútà tó jẹ́ ìran kẹjọ sókè, tó ní láìsẹ́ǹsì tirẹ̀: ẹ gbé e bọ́ sí Windows 11 láìsan kọ́bọ̀. Kò sí ìdí láti dà á rú.

Kọ̀ǹpútà ilé tàbí ti ilé-kéú tó jẹ́ ìran keje sísàlẹ̀, tí kò ṣe ju ìwé kíkọ, Al-Kùránì gbígbọ́ àti íntánẹ́ẹ̀tì lọ: òun ni Linux bá mu jù. Àwáwí ìnira ti kúrò lórí rẹ̀. Bó bá jẹ́ crack ló wà níbẹ̀, a gbàgbọ́ pé ó ti di dandan láti kúrò lórí rẹ̀.

Kọ̀ǹpútà tí ọmọ fi ń gbáradì fún JAMB: ẹ wo ètò tó ń lò. Bí kò bá ṣiṣẹ́ lórí Linux, tí Windows ibẹ̀ sì jẹ́ ti òótọ́, ẹ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún àtúnṣe títí di oṣù kẹwàá ọdún 2026, kí ọmọ ṣe ìdánwò rẹ̀ tán ná.

Kọ̀ǹpútà tí ẹnìkan fi ń jẹun: kó dúró lórí Windows, ṣùgbọ́n kó bẹ̀rẹ̀ sí í fi nǹkan pamọ́ láti ra láìsẹ́ǹsì. Irinṣẹ́ tó ń mú owó wọlé yẹ kó gba ẹ̀tọ́ tirẹ̀ nínú owó náà. Kó sì máa kọ́ Inkscape díẹ̀díẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́.

Kí a tó fọwọ́ kan èyíkéyìí nínú wọn, ẹ da gbogbo fáìlì kọ sí ibi méjì. Àwa náà ti pàdánù kútúbà ọdún méjì rí sọ́wọ́ àrùn tó bá fláàṣì wọlé láti ibi tí a ti lọ tẹ̀wé. A mọ bó ti ń dunni. Ẹ má sì rò pé Linux kò lè ní àrùn rárá. Tirẹ̀ ṣọ̀wọ́n ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi páásìwọ́ọ̀dù báńkì rẹ̀ fún ayédèrú ojúewé, kò sí ètò tó lè gbà á.

Ní ti àwọn ilé-kéú, ẹ jẹ́ ká mú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ná, èyí tó wà ní ọ́fíìsì. Ẹ fi LibreOffice sórí Windows tó wà níbẹ̀ fún oṣù kan kí ọwọ́ olùkọ́ mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà, ẹ dán Mint wò láti orí fláàṣì, ẹ so ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mọ́ ọn, ẹ rí i pé Wi-Fi rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ẹ lò ó fún sáà kan gbáko kí ẹ tó yí èkejì padà, ẹ má sì ṣe é ní àsìkò tí Ràmàdáánì tàbí ìdánwò bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Kí àsàlátù ìlú kọ̀ọ̀kan yan ọ̀dọ́ méjì tó ń gbé ìlú, ọkùnrin kan àti obìnrin kan, kí wọ́n kọ́ iṣẹ́ yìí, kí a sì máa san nǹkan fún wọn láti inú owó ẹgbẹ́. Ètò náà lè jẹ́ ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n àkókò ènìyàn kì í ṣe ọ̀fẹ́. Bí a kò bá fẹ́ san owó ètò, tí a kò sì fẹ́ san owó ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, a ó tún padà sọ́dọ̀ crack.

Àwọn ọmọ tí a ń kọ́ ní hàláàlì àti hàráàmù lórí ẹní ni wọ́n ń wo ohun tí a ń ṣe lórí tábìlì. Bí wọ́n bá rí i pé Àfáà wọn fi owó díẹ̀ àti sùúrù púpọ̀ kúrò lórí ohun tí kò mọ́, wọn kò ní gbàgbé ẹ̀kọ́ náà.

Kí Ọlọ́hun fi wá mọ ohun tó tọ́, kó fún wa lágbára láti tẹ̀lé e, kó sì jẹ́ kí ìmọ̀ àwọn ọmọ wa wúlò fún wọn láyé àti lọ́run. Àmín.